Ẹ́ńjìnnì Yamaha 115 mi ń ṣẹ́jú 19, mo ti ra bátìrì tuntun, kò lọ. Ṣé bíréènì-bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ni lóòótọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa orí omi. Ẹ dákun ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ti fẹ́ gba owó ilé ìwé ọmọ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ fáíbà elérò 18 ni mo ní, Ìjẹ̀dẹ̀ sí Badore ni mo ń ná, Yamaha F115 tòkunbọ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, fọ́ọ̀-sítírókù oní-ínjẹ́tọ̀, kì í ṣe oní-kábúrétọ̀. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lò ó, kò yọ mí lẹ́nu rí àfi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Láàárọ̀ tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, nígbà mìíì á mú lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíì "tà-tà-tà" ni màá gbọ́, màá yí i bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó mú. Tó bá mú, táa dé àárín ọ̀sà tí mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, ọwọ́ mítà RPM á kàn já wálẹ̀ sí òdo, á tún padà sókè, ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀ bí ẹni tó ń wúkọ́. Tí mo bá tan pọ́ǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀, ó tún ń burú sí i. Àláàmù ò ké o, omi sì ń jáde dáadáa níbi tó ti ń tọ̀.

Makaníìkì kan wá, ó ki iná kékeré kan bọ ẹnu wáyà kan lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, iná yẹn ń ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ó ní 19 nìyẹn, bátìrì. Mo lọ ra bátìrì tuntun, ti ìnfátà, 100 amp, wọ́n ní ó lágbára ju ti mọ́tò lọ. Ọjọ́ méjì péré, ó tún bẹ̀rẹ̀. Makaníìkì padà wá, 19 yẹn náà ló tún rí, ó wá ní a jẹ́ pé bíréènì-bọ́ọ̀sì ló ti kú, kí n lọ wá owó. Owó tó dá, tí mo bá ní in, ṣé màá máa gbé èrò ni? Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ̀rọ̀.

Ẹndúró Nìkan
Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ìnáwó. Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé, ẹ́ńjìnnì Ẹndúró 40 ni kí ẹ rà, kò ní bíréènì, kò ní kóòdù, bátìrì kú bátìrì ò kú ẹ fa okùn ẹ ń lọ. Kọ̀ǹpútà kì í bá omi ọ̀sà ṣọ̀rẹ́. Ẹ tà á jàre.

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Ẹndúró, tó bá tà á tán ìwọ ni wàá máa san owó epo fún un? Mo ní ọkọ̀ 4, 2 lára wọn Ẹndúró, mo mọ iye epo tí wọ́n ń mu lóòjọ́, àti ọ́ìlì tí à ń pò mọ́ ọn. Jẹ́ ká gba ọmọ ọlọ́mọ nímọ̀ràn.

Ọmọ mi, ṣé o ti wo orí bátìrì yẹn fúnra ẹ? Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju pé orí ẹ̀ dẹ̀, tàbí nǹkan funfun ti hù sí i. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń da kóòkì sí i, kì í ṣe iṣẹ́ gidi, ṣúgà á tún wá lẹ̀ mọ́ ọn. Omi gbígbóná pẹ̀lú káún ni bàbá mi máa ń lò, á hó pùùpùù, wàá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, wàá sì ṣan án. Kí ó tó di pé o tú nǹkan kan, gbé kẹ́ẹ̀gì epo kúrò nínú ọkọ̀ o, nẹ́gẹ́tífù ni kí o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí o so gbẹ̀yìn. Mo ti rí ibi tí sípánà kan ti ṣáná nínú ọkọ̀ tí èéfín epo kún. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Kápténì Badore
Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀, a jọ máa ń pàdé létí omi, fáíbà aláwọ̀ búlúù yẹn àbí? Má ra bíréènì kankan o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀, bíréènì tó kú tí mo fojú ara mi rí ò ju méjì lọ, méjèèjì ló jẹ́ pé ọkọ̀ rì, omi iyọ̀ wọnú wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ronú sí i, tí bíréènì bá ti kú, ta ló wá ń ṣẹ́ iná yẹn lójú? Ṣebí òun náà ni.

19 ò sọ pé bátìrì bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ òun ò rí bó ṣe yẹ kó rí. Bíréènì ò mọ bátìrì rí, ìdí wáyà ló jókòó sí, ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Orí bátìrì, súwíìsì, wáyà, nọ́ọ̀tì, fíùsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè jẹ iná lójú ọ̀nà. Àfi bíi kí o rán ọmọ lọ pọn omi, kí korobá jò, kí o wá máa bú odò pé kò lómi.

Wá mítà, èyí tí wọ́n ń tà ní Alábà yẹn náà tó. Gbé e sí DC 20 (fóòtì). Wọn bátìrì láìtan nǹkan kan, 12.6 sókè ló yẹ kí o rí, tó bá jẹ́ 12.2 ó ti fẹ́ẹ̀ dé ìdajì nìyẹn. Kí ẹnì kan wá máa yí kọ́kọ́rọ́, ìwọ wo mítà, kò yẹ kó já kọjá 10. Lẹ́yìn náà tan ẹ́ńjìnnì, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Kọ nọ́ńbà ẹ̀ wá síbí o, má wá sọ fún wa pé "ó dáa". Ó dáa kì í ṣe nọ́ńbà.

Rìwáyà Ẹ̀pẹ́
Kápténì ti sọ ọ́ ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un. Bátìrì ìnfátà yẹn, wọ́n tàn yín jẹ ni. Ìnfátà ń fa iná díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kíìkì (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè mú) ń gba iná rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tí wọ́n ṣe fún kíìkì ni kí ẹ lò.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣáájì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ yọ orí bátìrì kan, tí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, ó ń ṣáájì nìyẹn. Wáyà ńkọ́, ẹ gbé mítà sí èyí tó ń dún "pííì", ẹ ki ẹnu kan síbí kan síbẹ̀, tó bá ti dún, wáyà yẹn dáa, ẹ kúrò níbẹ̀. Wáyà mọ́tò lásán ni mo ń lò, èyí tí mo ṣe sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n kan níbí ti pé ọdún 5, kò tíì sọ nǹkan kan.

Kápténì Badore
Ẹ JỌ̀Ọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́!! Ẹ̀yin rìwáyà lẹ fi èyí ba nǹkan jẹ́ fún wa. Bátìrì ló ń gba iná tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè, tí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, iná yẹn á fò sókè, rẹkitifáyà (èyí tó ń tún iná ṣáájì ṣe) ni yóò kọ́kọ́ lọ, ó sì lè mú bíréènì dání. Ìgbà yẹn ni makaníìkì á wá jàre. Mítà wà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n.

Rìwáyà Ẹ̀pẹ́
Ẹ má bínú Kápténì. Mọ́tò àtijọ́ la fi kọ́ ọ. Mo gbà.

Adé Texas
Ẹ kú àárọ̀ o. Kemah ni mo wà, nítòsí Houston, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe níbí, 115 yìí sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, mo fẹ́ fọ̀wọ̀ sọ nǹkan kan nípa "pííì" yẹn. Iná tí mítà ń fi dán wáyà wò nígbà yẹn kéré gan-an. Tí wáyà bá ní okùn 200 nínú, tí 199 ti jẹrà, tó ku ẹyọ kan, mítà á dún pííì. Ṣùgbọ́n kíìkì ń fẹ́ iná 100 amp àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan yẹn ò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi máa ń dáa lójú mítà tí ọkọ̀ á sì kọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹ wọn ohun tó sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́rùn wáyà. Mítà wà lórí DC. Ẹnu dúdú, ẹ fi kan òjé orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì gan-gan, kì í ṣe irin tó dè é o, òjé fúnra ẹ̀. Ẹnu pupa, ẹ fi kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà, nọ́ọ̀tì tó mọ́ á dáa. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí 4. Tí nẹ́gẹ́tífù bá dáa, mítà ò ní kúrò nítòsí òdo. Tó bá ti kọjá 0.5, nǹkan kan ń jẹ iná lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́sítífù náà bákan náà, láti òjé pọ́sítífù dé orí kíìkì.

Ti bátìrì ìnfátà, òótọ́ lọ̀rọ̀ yín pé kì í ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n 100 amp tuntun tó kún, á yí 115. Kò pẹ́ á gbó ni. Òun kọ́ ló fa èyí.

Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń sọ. Ẹni tó bá ní laptop tí wọ́n fi ń ka ẹ́ńjìnnì Yamaha lè rí ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì nílò ẹ̀.

Màásì Kútọnu
Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ní Kútọnu, à ń gbé èrò láti Kálávì lọ sí Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà nẹ́gẹ́tífù), màásì là ń pè é níbí, ọ̀gá mi máa ń sọ pé kí n wá màásì kí n tó wá nǹkan mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè, bátìrì wà níbo nínú ọkọ̀ yẹn? Lẹ́yìn lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ni, àbí níwájú?

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé Ìyá. Níwájú ni bátìrì wà o, lábẹ́ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ẹni tó kan ọkọ̀ ló gbé e síbẹ̀ torí pé ẹ̀yìn ń wúwo jù. Mo ti yá mítà. Nọ́ńbà rèé:

Bátìrì láìtan nǹkan, 12.7.
Tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́, 11.4 lórí bátìrì.
Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 13.0 lórí bátìrì, ṣùgbọ́n mo tún wọ̀n ọ́n níbi ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, láti orí kíìkì sí ara irin, mo rí 14.4. Ìyẹn ò yé mi.
Èyí tí Bọ̀ọ̀dá Adé ní kí n ṣe, pọ́sítífù 0.4. Nẹ́gẹ́tífù 1.9. Mo ṣe é ẹ̀ẹ̀mẹta, 1.9, 2.1, 1.8.

Láàárọ̀ òní iná yẹn tún ṣẹ́jú 33 kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo ti fẹ́ẹ̀ sunkún.

Kápténì Badore
33 kì í ṣe àrùn, má sunkún. Ẹ́ńjìnnì tútù ló ń tún àsìkò iná plọ́ọ̀gì ṣe díẹ̀ kó lè gbóná, tó bá gbóná á lọ.

1.9 ni kí o sunkún fún. O ti rí i báyìí.

Adé Texas
Hẹn! Nẹ́gẹ́tífù ni. Ẹ wo nọ́ńbà kejì dáadáa ẹ̀gbọ́n, iná ń pèsè 14.4 níbi ẹ́ńjìnnì, 13.0 ló dé bátìrì, 1.4 ti sọnù sójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá ń yí kíìkì, iná ń ti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ń sọnù. Nígbà tó bá ń ṣáájì ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ó tún ń sọnù níbì kan náà. Bátìrì tí ẹ rà ò rí ṣáájì gbà bó ṣe yẹ, agbára tó bá wá ní ṣọ́ọ̀bù ló ń ná.

Ẹ má tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹnu dúdú dúró sórí òjé, ẹ máa gbé ẹnu pupa lọ lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀: irin tó de orí bátìrì, ẹnu wáyà, súwíìsì tó bá wà lójú ọ̀nà ẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, títí dé ẹ́ńjìnnì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò láti 0.1 lọ sí 1 àti jù bẹ́ẹ̀, àárín ibẹ̀ ni.

Màásì Kútọnu
Mo mọ̀! Bátìrì níwájú, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, wáyà tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti òkèèrè ò lè dé ibẹ̀. Ẹnì kan ti so wáyà mọ́ wáyà. Ẹ ká pákó ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn.

Rìwáyà Ẹ̀pẹ́
Èmi náà á fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá fẹ́ ra wáyà, ẹ ṣọ́ra, wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ó pupa bíi bàbà ṣùgbọ́n alumí ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, tó bá funfun ẹ dá a padà fún wọn.

Adé Texas
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kó má di pé wọ́n dá ojúlówó padà o. Wáyà ọkọ̀ ojú omi gidi, wọ́n fi tánńganran bo bàbà kó má bàa dípẹtà, òun náà funfun níta. Tí ẹ bá ha á, á pupa nínú. Ayédèrú ló pupa níta tó funfun nínú.

Rìwáyà Ẹ̀pẹ́
Èmi ò rí ti oní-tánńganran yẹn rí kí n má parọ́. Wáyà mọ́tò ni, ó sì ti pé ọdún 5 bí mo ṣe wí.

Kápténì Badore
Rìwáyà, ìwọ ní Ẹ̀pẹ́, omi yín tútù, omi tó wọ ọ̀sà Lẹ́kí kì í ṣe omi iyọ̀. Tiwa níbí, tí ọyẹ́ bá ti dé tí òjò ti dá, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á máa dùn bí ọbẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí jù. Gbogbo wáyà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, láàárín Dìsẹ́ńbà sí Épírẹ̀ ni. Ọdún 5 yín, ọdún kan àbọ̀ ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹndúró Nìkan
Okùn Ẹndúró tèmi, ọdún 7. Kò dípẹtà 😂

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Ẹndúró sinmi.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ̀yin èèyàn mi!!! Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Mo gbé epo kúrò bí Ìyá ṣe wí, mo wá ń gbé ẹnu mítà lọ bí Bọ̀ọ̀dá Adé ṣe ní kí n ṣe, orí bátìrì 0.05, ẹnu wáyà 0.1, ibẹ̀ dáa. Mo wá wọn ẹnu wáyà tó wà lẹ́yìn lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, 1.7. Kò sí ohun kan láàárín tí mo lè rí, wáyà kàn wọ abẹ́ pákó lọ ni. Mo bá ká pákó. Ọ̀rọ̀ ará Kútọnu yẹn ṣẹ bí ẹni tó dáfá. Wọ́n so wáyà ẹ́ńjìnnì mọ́ wáyà mìíràn tó tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n lọ́ ọ mọ́ra, wọ́n fi téèpù dúdú wé e, ó wá sùn sínú omi abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo tú téèpù yẹn, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló dà sí mi lọ́wọ́. Mo ka okùn tó kù tó ń dán, kò tó mẹ́wàá. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nẹ́gẹ́tífù pọ́ǹpù omi náà, ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n so ó mọ́! Ìdí tó fi ń burú sí i tí mo bá tan pọ́ǹpù nìyẹn.

Mo lọ ra wáyà wẹ́dà 50 (wáyà nínípọn tí àwọn wẹ́dà ń lò), pupa àti dúdú, mo gbé e ní odindi láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí ìsopọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Mo gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mi ò gbé e gba ilẹ̀ mọ́. Pọ́ǹpù ní wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú fíùsì. Nẹ́gẹ́tífù báyìí 0.2, bátìrì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ 14.1. Iná yẹn ń ṣẹ́jú ẹyọ kan, makaníìkì ní 1 ni "àlàáfíà".

Adé Texas
Ẹ kú oríire ẹ̀gbọ́n! Wáyà wẹ́dà, ọgbọ́n tó wà nílẹ̀ ni, ó nípọn ó sì ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tánńganran, rọ́bà ẹ̀ sì ń mu omi láti ẹnu. Ẹ fi rọ́bà tí iná ń sún kì di ẹnu méjèèjì pa, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọjọ́ tí 0.2 bá di 0.4, ẹ ti mọ̀ nìyẹn.

Kápténì Badore
Gírísì ńkọ́? Kí o tó de orí bátìrì lo fi sí i àbí lẹ́yìn tí o dè é tán?

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Kí n tó dè é ni sà.

Kápténì Badore
Tú u. Nu ú kúrò, jẹ́ kí irin kan irin, dè é kó le, kí o wá fi gírísì bo òkè ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Mo ti ṣe é sà. Ẹ gbọ́ ti àárọ̀ àná, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èrò ti jókòó, gbogbo wọn ti wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo yí kọ́kọ́rọ́, kíìkì ń yí bí ìjì, ẹ́ńjìnnì ò mú. Mo yí i yí i. Ọkàn mi já, mo ní bíréènì ti lọ lóòótọ́ báyìí. Mo pe makaníìkì, ó sáré dé, ó ki iná ẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin. 44. Ó wò mí, mo wò ó. Ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ló ti yọ kílíìpù pupa tí à ń so mọ́ ọwọ́, tí ẹ́ńjìnnì kì í mú tí kò bá sí níbẹ̀, ó gbé e sápò lọ sílé.

Ẹndúró Nìkan
😂😂😂 Mi ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Wáyà yẹn, mítà mélòó lo rà? Ọkọ̀ mi méjì tó jẹ́ fọ́ọ̀-sítírókù, ẹni tó kan tìẹ náà ló kàn wọ́n, iwájú ni bátìrì wọn wà. Mo ti ní kí àwọn ọmọ ká pákó lọ́la.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Mítà 9 pupa, mítà 9 dúdú mà, ó ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi okùn wọn ọkọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, kí wọ́n fi àyè ibi tó máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kún un. Mítà tí mo yá ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lè gbé e wá láàárọ̀ kí n tó gbéra.